Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá fún ìdánwò CCNA: bí ẹni tó ń gbé ilẹ̀ Ọ̀kún ṣe lè múra sílẹ̀

Ọ̀kún o. Ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹni tó ń gbé Kábà, Mópà, Ìsánlú, Ìyàrà tàbí ìlú kékeré tó wà láàárín wọn, tó mọ kọ̀ǹpútà lò dáadáa, tó sì fẹ́ gba CCNA, ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ǹpútà ti ilé iṣẹ́ Cisco, láì kó ẹrù lọ sí Àbújá tàbí Èkó. Ó lè jẹ́ agùnbánirọ̀ ni yín, ó lè jẹ́ olùkọ́ kọ̀ǹpútà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ó sì lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ìyanṣẹ́lódì dá padà sílé.

Ìdánwò náà le. Kì í ṣe pé ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ga ju orí èèyàn lọ. Ó fẹ̀ ni, àkókò tí wọ́n fún un sì kéré. Lójú tèmi, ọwọ́ ló ń yege rẹ̀. Ẹni tó wo fídíò títí tí kò fọwọ́ tẹ àṣẹ kankan sínú ráútà (ẹ̀rọ tó ń darí ìsọfúnni láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí òmíràn), tí kò fi bírò ṣírò àdírẹ́sì títí tó fi mọ́ ọn lára, á jókòó níwájú ìbéèrè, á mọ̀ pé òun ti gbọ́ ọ rí, kò sì ní lè dáhùn. Gbogbo ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ dá lórí èyí. Mo fi wákàtí mẹ́ta lójúmọ́ ṣírò rẹ̀, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ní ọjọ́ keje, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ẹ lọ síbi ìnáwó, ẹ sinmi.

1. Ẹ tẹ àkòrí ìdánwò náà jáde

Nọ́ńbà ìdánwò náà ni 200-301. Ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Èrèlé ọdún 2020, Cisco sì sọ ọ́ di ẹ̀dà 1.1 ní oṣù Ògún ọdún 2024. Fídíò tàbí ìwé tó ṣáájú 2024 kò tíì di aláìwúlò, ṣùgbọ́n ẹ fi wé àkòrí tuntun kí ẹ tó gbára lé e. Ìṣẹ́jú 120 ni wọ́n fún un, owó rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 300 láìka owó orí. Cisco kì í kéde iye máàkì tí èèyàn gbọ́dọ̀ gbà kó tó yege, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iye kan fi ọkàn yín balẹ̀.

Lórí ìkànnì Cisco, ẹ wa àkójọ àkòrí náà, ẹ gbé e lọ sí bìsínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún yín, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Apá mẹ́fà ló ní. Ìpìlẹ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì gba 20%. Swíìṣì (ẹ̀rọ tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan), VLAN (pípín swíìṣì sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dá dúró) àti Wi-Fi gba 20%. Bí ráútà ṣe ń wá ọ̀nà fún ìsọfúnni gba 25%. Àwọn iṣẹ́ bíi DHCP (tó ń fún ẹ̀rọ ní àdírẹ́sì) àti NAT (tó ń pààrọ̀ àdírẹ́sì inú ilé sí ti íntánẹ́ẹ̀tì) gba 10%. Ààbò gba 15%. Àmúṣiṣẹ́ aládàáṣe (automation) gba 10%. Bí ẹ bá fi ọ̀sẹ̀ méjì jìjàkadì pẹ̀lú apá tó ní 10%, tí ẹ wá sáré kọjá lórí èyí tó ní 25%, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín dín máàkì yín kù.

Ohun mìíràn wà nínú bébà yẹn tí ojú máa ń fò. Níwájú àkòrí kọ̀ọ̀kan, wọ́n sọ irú ìmọ̀ tí wọ́n ń retí. Níbi tí wọ́n bá kọ “describe” tàbí “explain” sí, òye ni wọ́n ń bèèrè. Níbi tí wọ́n bá kọ “configure and verify” sí, àfi kí ẹ lè ṣe é fúnra yín láti orí ẹ̀rọ tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ẹ fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo irú èyí. Àwọn ni láàbù yín, ìyẹn iṣẹ́ àfọwọ́ṣe.

2. Ẹ kó irinṣẹ́ jọ kí ẹ tó ka ojú ìwé kan

Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ní RAM 4GB lè gbé e, 8GB ló fi ọkàn ẹni balẹ̀. Packet Tracer, ètò tó ń ṣe bíi ráútà àti swíìṣì lórí kọ̀ǹpútà, ni ẹ máa fi ṣe láàbù. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Cisco Networking Academy, ẹ gbà á sílẹ̀. Ó máa ń ní kí ẹ wọlé pẹ̀lú orúkọ yín. Ẹ wọlé nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà, kí ẹ yan pé kó máa dá yín mọ̀, kó má baà dí yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí dátà bá tán. Lẹ́yìn ìyẹn, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ láti ṣe láàbù.

Olùkọ́ kan ṣoṣo ni kí ẹ yàn. Ẹ̀kọ́ CCNA tó pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí YouTube. Ẹ gba fídíò ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lóru, nígbà tí dátà bá dínwó tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì já geere. Ẹni tó ń fò láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan sí òmíràn, ìbẹ̀rẹ̀ ló máa ń mọ̀ dáadáa, nítorí ìbẹ̀rẹ̀ ló ti gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọ̀rọ̀ iná wá ńkọ́? Mi ò ní sọ fún yín pé kí ẹ ra sólà; ẹni tó bá lówó rẹ̀ ti rà á. Ẹ pín iṣẹ́ sí méjì: iṣẹ́ iná àti iṣẹ́ àìsí iná. Láàbù àti fídíò jẹ́ iṣẹ́ iná. Ìṣírò subnet (pípín nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí kéékèèké) nínú ìwé àjákọ, káàdì ìbéèrè lórí fóònù (Anki dára, ọ̀fẹ́ sì ni lórí Android), àti kíka àkọsílẹ̀ yín jẹ́ iṣẹ́ àìsí iná. Bí iná bá dé ní aago méjì òru, ẹ dìde ṣe láàbù. Bó bá lọ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ gbé ìwé àjákọ bọ́ sábẹ́ igi máńgòrò. Ẹni tó bá ti yàn án pé aago méje alẹ́ nìkan lòun máa ń kàwé, oṣù kan ò ní pé tí á fi pa á tì.

Ìmọ̀ràn kékeré kan fún àwa ọmọ Ọ̀kún: ẹ má jẹ iyán ọ̀sán tán kí ẹ wá jókòó ti láàbù OSPF, èdè tí ráútà fi ń sọ ọ̀nà fún ara wọn.

3. Subnet, lójoojúmọ́, láti ọjọ́ kìíní

Ibí ni mo ti máa pẹ́ díẹ̀, nítorí ó wọnú apá púpọ̀ nínú ìdánwò náà: ẹni tí kò bá yára níbẹ̀ á pàdánù àkókò lórí ìbéèrè ráútà, ti ACL (òfin tó ń sọ ìsọfúnni tó lè kọjá), ti DHCP.

Àdírẹ́sì IPv4 jẹ́ bíìtì 32, ó pín sí ọ̀nà mẹ́rin, bíìtì mẹ́jọmẹ́jọ. Ẹ há ìlà méjì yìí sórí títí tí ẹ fi lè kà wọ́n lójú oorun:

128, 64, 32, 16, 8, 4, 2, 1
128, 192, 224, 240, 248, 252, 254, 255

Ìlà òkè ni ìwọ̀n búlọ́ọ̀kù, ti ìsàlẹ̀ ni iye tó wà nínú máàsìkì. Wọ́n bá ara wọn mu ní òkè-sí-ìsàlẹ̀: máàsìkì tó bá parí sí 240, búlọ́ọ̀kù rẹ̀ jẹ́ 16.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà kan ní àdírẹ́sì 172.16.45.200/20, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló wà? Bíìtì 20 túmọ̀ sí pé ìdá kìíní àti ìkejì kún (16), ó ku 4 nínú ìdá kẹta. Ipò kẹrin lórí ìlà ìsàlẹ̀ ni 240, nítorí náà máàsìkì jẹ́ 255.255.240.0, búlọ́ọ̀kù sì jẹ́ 16 nínú ìdá kẹta. Ẹ máa ka á ní 16, 16: 0, 16, 32, 48. Àárín 32 àti 48 ni 45 wà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ni 172.16.32.0, àdírẹ́sì bíròòdùkáàsìtì rẹ̀ (èyí tó ń bá gbogbo ẹ̀rọ ibẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) ni 172.16.47.255, èyí tí ẹ̀rọ lè lò sì bẹ̀rẹ̀ láti 172.16.32.1 dé 172.16.47.254. Bíìtì 12 ló ṣẹ́kù fún ẹ̀rọ, nítorí náà 4096 yọ 2, ó jẹ́ 4094. Ìdá kẹrin, ìyẹn 200, kò kan ìṣírò yìí rárá. Wọ́n fi síbẹ̀ láti dẹ yín wò ni.

Bí ìyẹn bá ti rọrùn, ẹ bọ́ sórí pípín aláìdọ́gba. Ká ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìsánlú gba 192.168.10.0/24. Yàrá kọ̀ǹpútà ní ẹ̀rọ 50, ọ́fíìsì ní 20, ilé ìkàwé ní 10, okùn kan sì so ráútà méjì pọ̀. Èyí tó tóbi jù ni kí ẹ kọ́kọ́ gé:

Yàrá kọ̀ǹpútà: /26, láti .0 dé .63, ààyè 62
Ọ́fíìsì: /27, láti .64 dé .95, ààyè 30
Ilé ìkàwé: /28, láti .96 dé .111, ààyè 14
Okùn ráútà sí ráútà: /30, láti .112 dé .115, ààyè 2

Ìdí tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó tóbi ni pé /26 kò lè bẹ̀rẹ̀ níbi tó bá wù ú. 0, 64, 128 tàbí 192 nìkan ni. Bí ẹ bá fi /30 ṣáájú, ó ti gba 0 lọ́wọ́ rẹ̀, /26 á fò lọ sí 64, ẹ ó sì máa wá ibi tí ẹ máa fi àlàfo tó ṣẹ́kù sí.

Ogún ìbéèrè láràárọ̀, kí ẹ tó ṣí fídíò kankan. Ẹ fi aago fóònù kà á. Nígbà tí ìbéèrè kan kò bá gbà ju ààbọ̀ ìṣẹ́jú lọ mọ́, ẹ dín in kù sí márùn-ún, ṣùgbọ́n ẹ má dá a dúró títí di ọjọ́ ìdánwò. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ fi IPv6, irú àdírẹ́sì tuntun tó gùn ju IPv4 lọ, kún un: bí a ṣe ń gé òdo kúrò, ohun tí FE80 dúró fún, àti bí EUI-64 ṣe ń fi FFFE sí àárín àdírẹ́sì MAC (nọ́ńbà tí wọ́n ti fi sára ẹ̀rọ) tó sì ń yí bíìtì keje padà.

4. Láàbù: ẹ kọ́ ọ, ẹ bà á jẹ́, ẹ tún un ṣe

Ẹ má lo láàbù tí ẹlòmíràn ti tò sílẹ̀ tán. Ẹ ṣí ojú ewé òfìfo. Ẹ fojú inú wo ilé ìwòsàn kékeré kan ní Kábà: ibi ìforúkọsílẹ̀, ibi ìtọ́jú oògùn, ọ́fíìsì ìṣírò owó. Swíìṣì méjì, ráútà kan. VLAN 10, 20 àti 30. Ẹ so swíìṣì méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú trunk (okùn tó ń gbé VLAN púpọ̀), kí ráútà máa gbé ọ̀rọ̀ láti VLAN kan sí òmíràn lórí okùn kan ṣoṣo, kó máa fún àwọn kọ̀ǹpútà ní àdírẹ́sì nípasẹ̀ DHCP, kí NAT gbé wọn jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ACL sì dí ibi ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ àtiwọ ọ́fíìsì owó. Ní ìgbà àkọ́kọ́ ó lè gba odidi ọ̀sán. Ẹ pa á rẹ́, ẹ tún un ṣe lọ́la láì wo ìwé, ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta.

Bó bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ bà á jẹ́. Ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì kì í mọ ọ̀kadà nípa gígùn ún. Ó di ọjọ́ tó bá tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tán. Ẹ yí native VLAN (èyí tí kì í gbé àmì VLAN lórí trunk) ní apá kan trunk padà, kí ẹ wo ohun tí swíìṣì máa sọ. Ẹ gbé ráútà OSPF kan sí area (àgbègbè OSPF) mìíràn. Ẹ yí àkókò hello rẹ̀ (bí ráútà ṣe ń kí aládùúgbò rẹ̀) padà kúrò ní ìṣẹ́jú àáyá 10. Ẹ gbàgbé láti tẹ “no shutdown”, àṣẹ tó ń ṣí ojú ọ̀nà ráútà, èyí tí ẹ máa ṣe láì mọ̀ọ́mọ̀ pàápàá. Bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tó ń ka ìdánwò kan náà, kí ó ba tiyín jẹ́ kí ẹ̀yin náà ba tirẹ̀ jẹ́, kí ẹ fi fáìlì ránṣẹ́ síra yín lórí WhatsApp.

Láti wá ibi tí nǹkan ti bàjẹ́, àwọn àṣẹ díẹ̀ yìí ló máa ń sọ òótọ́ fún yín: show ip interface brief, show vlan brief, show interfaces trunk, show ip route, show ip ospf neighbor, show cdp neighbors. Ẹ kọ́ láti ka èsì wọn bí ẹni ń ka lẹ́tà, nítorí ìdánwò máa ń gbé irú èsì bẹ́ẹ̀ síwájú yín pé kí ni kò dáa níbẹ̀. Láàbù sì wà nínú ìdánwò gan-an. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi iṣẹ́ pamọ́, ẹ fi í pamọ́ lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú copy running-config startup-config.

5. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ṣe ń lọ

Ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì: ìpele OSI, Ethernet, TCP àti UDP, subnet, IPv6.

Ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin: swíìṣì. Nínú spanning tree (ohun tó ń dènà kí ìsọfúnni máa yí po láàárín swíìṣì), swíìṣì tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù ló ń jọba. 32768 ni gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, a ó sì fi nọ́ńbà VLAN kún un, bí wọ́n bá sì dọ́gba, MAC tó kéré jù ló ń borí. Ẹ fi EtherChannel (sísọ okùn púpọ̀ di ọ̀kan) kún un, kí ẹ mọ̀ pé bí apá méjèèjì bá wà ní ipò passive, wọn kì í so pọ̀. Lórí Wi-Fi, ẹ rí i pé ẹ lè fi ojú ewé alákòóso dá WLAN WPA2 sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún àti ìkẹfà: ráútà, 25% yẹn. Ohun kan wà níbí tó ń gbé èèyàn ṣubú. Ká ní ráútà mọ ọ̀nà mẹ́ta: 10.0.0.0/8 tí ẹ kọ fúnra yín, 10.1.0.0/16 láti ọ̀dọ̀ OSPF, 10.1.1.0/24 láti ọ̀dọ̀ RIP (òmíràn bíi OSPF). Ìsọfúnni kan ń lọ sí 10.1.1.9. Ọ̀nà wo ló máa gbà? Ọ̀pọ̀ á sọ pé èyí tí ẹ kọ fúnra yín, nítorí ìwọ̀n ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ (administrative distance, èyí tó kéré jù ló ń borí) jẹ́ 1, ti OSPF jẹ́ 110, ti RIP jẹ́ 120. Rárá. Ti RIP ló máa gbà, nítorí /24 ló ṣe pàtó jù. Ìwọ̀n ìgbẹ́kẹ̀lé ń wọlé nígbà tí orísun ọ̀nà tó yàtọ̀ síra bá ń du nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà pẹ̀lú máàsìkì kan náà. Bí orísun wọn bá sì jẹ́ ọ̀kan, metric (iye tí ọ̀nà náà ń náni) ló ń ṣe ìdájọ́. Ẹ ṣe láàbù rẹ̀ kí ẹ fojú ara yín rí i.

Lórí OSPF, ẹ mọ ohun tó gbọ́dọ̀ dọ́gba kí ráútà méjì tó di aládùúgbò: area, subnet, àkókò hello àti dead (ìṣẹ́jú àáyá 10 àti 40 lórí Ethernet), ìfidánimọ̀ bó bá wà. Router ID (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ráútà) ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Bí MTU (ìwọ̀n ìsọfúnni tó lè kọjá lẹ́ẹ̀kan) ò bá dọ́gba, wọ́n á rí ara wọn ṣùgbọ́n wọ́n á há sí àárín ọ̀nà.

Ọ̀sẹ̀ keje: NAT, DHCP, DNS, NTP, syslog, SNMP, SSH. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ: ACL (ẹ má gbàgbé ìdínà tí kò hàn ní ìparí gbogbo ACL), port security, DHCP snooping, VPN. Ìdajì ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án tó fún àmúṣiṣẹ́ aládàáṣe: ẹ mọ bí a ṣe ń ka JSON, ohun tí REST API ń ṣe, iṣẹ́ tí Ansible àti Terraform wà fún, àti ìlò AI nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó jẹ́ ara ohun tí wọ́n fi kún ẹ̀dà 1.1. Wọn ò ní kí ẹ kọ púrógíráàmù.

6. Ìdánwò ìdánrawò

Láti àárín ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ẹ ṣe ìdánwò ìdánrawò odidi kan ní ọjọ́ méjì-méjì, ìṣẹ́jú 120, fóònù ní pípa. Èsì tí ẹ bá gbà kò ṣe pàtàkì tó ìwé tí ẹ máa kọ lẹ́yìn rẹ̀: ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tí ẹ ṣì, ìdí tí ẹ fi ṣì í, àti láàbù tí ẹ ṣe láti fi tún un kọ́. Ẹ fi ìbéèrè tí ẹ gbà nípa ìméfò kún àwọn tí ẹ ṣì.

Wọ́n á máa fi PDF “ìbéèrè tòótọ́” lọ̀ yín lórí Telegram. Ẹ má gbà á. Ó lòdì sí àdéhùn tí ẹ máa fọwọ́ sí, Cisco sì lè gba ìwé ẹ̀rí padà nítorí rẹ̀. Àti pé, bí ẹ bá tilẹ̀ fi yege, lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ bá gbé yín síwájú swíìṣì tó dákú, tí ọ̀gá dúró sẹ́yìn yín, PDF ò ní bá yín sọ̀rọ̀.

7. Ìgbà àtisanwó àti ibi àtijókòó

Àwọn kan gbà pé kí èèyàn sanwó ní ọjọ́ kìíní kí ẹ̀rù lè máa lé e. Pẹ̀lú iye tí dọ́là 300 jẹ́ ní náírà, mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ sanwó nígbà tí ẹ bá lè kọ́ láàbù ilé ìwòsàn yẹn láti òfìfo láì wo ìwé, tí subnet ò sì gbà yín ju ààbọ̀ ìṣẹ́jú lọ. Àwọn tó bá parí ẹ̀kọ́ CCNA mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti Networking Academy lè rí ẹ̀dínwó gbà bí èsì wọn bá dára, ẹ bèèrè rẹ̀.

Pearson VUE ló ń ṣètò ìdánwò náà. Ẹ lè ṣe é nílé pẹ̀lú kámẹ́rà, ẹ sì lè lọ sí ibùdó. Ẹ lọ sí ibùdó. Nílé, ẹ gbọ́dọ̀ dá wà nínú yàrá, kí ẹnikẹ́ni má wọlé, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì má já. Nínú agboolé wa, ta ló fẹ́ ṣèlérí pé ìyá àgbà ò ní ṣílẹ̀kùn béèrè bóyá ẹ ti jẹun? Ìkànnì Pearson VUE á fi ibùdó tó sún mọ́ yín hàn. Ẹ wọ ìlú náà lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ọ̀nà wa kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn ń gbà láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò. Orúkọ tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti orí káàdì ìdánimọ̀ yín mu, títí kan ètò rẹ̀. Ẹ ka òfin káàdì tó wà nínú ìméèlì wọn dáadáa.

8. Nínú gbọ̀ngàn

Ẹ kò lè padà sẹ́yìn. Bí ẹ bá ti tẹ “next”, ìbéèrè yẹn ti lọ. Nítorí náà, ẹ má fi ìbéèrè kankan sílẹ̀ láì yan nǹkan kan, ẹ má sì máa ro èyí tó ti kọjá. Wọ́n á fún yín ní pátákó kékeré àti máákà. Bí aago bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ìlà méjì subnet yẹn sí i. Láàbù lè dé ní ìbẹ̀rẹ̀ pàá, kó gba àkókò. Ẹ ka gbogbo ohun tí wọ́n ní kí ẹ ṣe tán kí ẹ tó tẹ àṣẹ àkọ́kọ́. Bí ẹ bá gbàgbé àṣẹ kan, ẹ gbìyànjú àmì ìbéèrè (?) bí ẹ ti ń ṣe nílé.

Bí kò bá bọ́ sí i, ọjọ́ márùn-ún ni ẹ gbọ́dọ̀ dúró kí ẹ tó tún un ṣe, owó tuntun sì ni. Ìwé èsì á fi bí ẹ ti ṣe sí ní apá kọ̀ọ̀kan hàn. Èyí tó rẹlẹ̀ jù, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì tóbi, ni ẹ máa padà sí. Bí ẹ bá yege, ọdún mẹ́ta ni ìwé ẹ̀rí náà máa lò. Èyí tí mo fara mọ́ ni pé kí ẹ kọjú sí ENCOR 350-401, ìdánwò Cisco tó ga ju CCNA lọ, kí ọdún mẹ́ta náà tó pé: bí ẹ bá yege níbẹ̀, CCNA yín á di tuntun lẹ́ẹ̀kan náà.